Irin Ẹsẹ̀ Àsíátù

Ẹjọ́ kan wọ ààfin Baálẹ̀ Ògúntọ́lá lánàá, ẹjọ́ tí ẹni tó gbé e wá ti ń wá bí yóò ṣe gbé e padà sílé kí ẹnikẹ́ni tó tú u wò. Jẹ́láàní, Bàbá Ìbráhímù, ni orúkọ ọkùnrin náà. Oníbàtà ni, ní Ifangni níbí, ènìyàn jẹ́jẹ́ tí kì í bá ẹnikẹ́ni jà, àfi bí ẹ bá ní bàtà tó rán ń há yín lẹ́sẹ̀. Thérèse tó ń ta gàtóò, ìyẹ̀fun tí wọ́n po tí wọ́n dín, lẹ́nu ọ̀nà ọjà ló pè lẹ́jọ́, lórí irin ìgéwọ kan. Bí ẹ kò bá mọ irin yìí, kò le: alágbẹ̀dẹ á tẹ irin pẹlẹbẹ po bí àtẹ́lẹsẹ̀ ènìyàn, á pọ́n etí rẹ̀ títí yóò fi mú. Oníbàtà á gbé e lé awọ, á fi òòlù lù ú, awọ á já bọ́ sílẹ̀ bí ẹsẹ̀ gan-an. Iṣẹ́ tí ọ̀bẹ ń fi ìdajì ọjọ́ ṣe, irin ìgéwọ á ti ṣe é tán kí oníbàtà tó sín.

Ohun tó ká Jẹ́láàní lára kì í ṣe irin nìkan. Ìyàwó rẹ̀, Àsíátù, ti kó ẹrù lọ sílé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Daagbé láti ọjọ́ Jímọ̀. Ó ní òun kò ní padà títí ọkọ òun yóò fi mú ọ̀kan wá nínú nǹkan méjì: irin ẹsẹ̀ òun, tàbí owó tó tà á. Irin wà lọ́wọ́ Thérèse. Ọ̀rọ̀ owó ni kò jẹ́ kí Jẹ́láàní rí oorun sùn. Ìdí nìyẹn tó fi sáré gba ààfin lọ, pé kí wọ́n bá òun gba irin náà kíákíá, kí ẹnikẹ́ni má tíì rántí béèrè iye.

Baálẹ̀ ti jókòó. Ìyálóde Ifádùnní wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ̀, obìnrin tó ti tajà títí kọjá bodè, tí kò sí irọ́ ọlọ́jà tí òun fúnra rẹ̀ kò pa rí. Mẹ̀síẹ̀ Dieudonné, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, wà lọ́wọ́ òsì. Àwo gàtóò kan wà nílẹ̀ láàárín wọn, tí Jẹ́láàní rà wá láti fi ṣe ẹ̀rí. Àsíátù pàápàá wá láti Daagbé. Ó jókòó sẹ́nu ìlẹ̀kùn, ó kọ ẹ̀yìn sí ọkọ rẹ̀, ó kọjú sí igi máńgòrò tó wà níta.

"Jẹ́láàní," ni Baálẹ̀ wí, "kí ló dé?"

"Bàbá, wọ́n ń jẹ ìyàwó mi."

Baálẹ̀ yíjú sí ẹnu ìlẹ̀kùn.

"Ta ló ń jẹ ẹ́?"

"Gbogbo Ifangni, Bàbá. Àwọn ará Lagbé náà ti ń bọ̀ lọ́jọ́ ọjà, wọ́n á ra tiwọn, wọ́n á wé e lọ sílé."

"Àsíátù tó jókòó síbẹ̀ yẹn?"

"Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni, Bàbá. Ẹsẹ̀ òsì."

Baálẹ̀ wo ẹsẹ̀ òsì Àsíátù. Ó ṣì wà níbẹ̀. Ó ní kí Jẹ́láàní tún ọ̀rọ̀ náà sọ láti ìbẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, nígbà tí mò ń fẹ́ ẹ sọ́nà, mo ní kó tẹ ẹsẹ̀ sórí bébà. Mo fi èédú fà á yíká, mo gbé e tọ alágbẹ̀dẹ lọ, ó bá mi tẹ irin rẹ̀, ọ̀tún àti òsì. Irin yẹn ni mo fi gé bàtà tó wọ̀ lọ́jọ́ yìgì wa. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ẹsẹ̀ Àsíátù kò jọ ti ẹlòmíì. Ó kúrú, ó fẹ̀, àtàǹpàkò rẹ̀ sì yà síta bí ẹni tó fẹ́ lọ sí ibòmíràn. Irin òsì yẹn ló bọ́ sọ́wọ́ Thérèse. Mo rò pé awọ ló fẹ́ fi gé. Àṣé ìyẹ̀fun ló ń fi gé. Ó ń po ìyẹ̀fun, ó ń tẹ irin ẹsẹ̀ ìyàwó mi lé e, ó ń sọ ọ́ sínú òróró gbígbóná, wọ́n ń jẹ ẹ́."

"Báwo ni àwọn tó ń rà á ṣe mọ̀ pé ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ ni?"

"Bàbá, ta ni kò mọ̀ ọ́n? Bí òjò bá dá, tí Àsíátù gba ọ̀nà oko kọjá, gbogbo ènìyàn ló ń mọ ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú iyanrìn. Lọ́jọ́ tí Thérèse kọ́kọ́ gbé gàtóò yẹn jáde, àwọn ènìyàn kàn wo inú àwo ni, wọ́n ní, 'Ìyá Ìbráhímù ti kọjá níbí.' Láti ìgbà náà, iṣẹ́ mi ti dẹnu kọlẹ̀. Ẹni tó bá wá ra bàtà lọ́dọ̀ mi, ó ń bi mí bóyá ó ní ṣúgà."

Mẹ̀síẹ̀ Dieudonné gbé ọwọ́ sókè. Ó ní ọ̀rọ̀ ẹnu kò tó, kí wọ́n fi ojú rí i. Ó ní kí wọ́n bu ìyẹ̀fun wá. Wọ́n tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn, wọ́n ní kí Àsíátù dákun tẹ ẹsẹ̀ òsì lé e. Àsíátù dìde, ó tẹ̀ ẹ́, kò wo ọkọ rẹ̀, ó padà jókòó, ó tún kọjú sí máńgòrò rẹ̀. Mẹ̀síẹ̀ Dieudonné mú gàtóò kan, ó bẹ̀rẹ̀, ó gbé e lé ojú ẹsẹ̀ náà.

"Ó bá a mu," ló wí. "Gìgísẹ̀ nìkan ló tóbi díẹ̀. Òróró ló wú u. Vwalà, òun nìyẹn."

"Àtàǹpàkò ńkọ́?" ni Baálẹ̀ béèrè. "Mi ò rí àtàǹpàkò."

Mẹ̀síẹ̀ Dieudonné wo gàtóò ọwọ́ rẹ̀. Lóòótọ́ ni, àtàǹpàkò ti ya kúrò lára rẹ̀.

"Ó wà níbẹ̀ nígbà tí mo mú un," ló wí, ó sì gbé nǹkan mì.

Baálẹ̀ ní kí wọ́n gbé àwo ẹ̀rí náà sún mọ́ ọ̀dọ̀ òun, kó má baà tán kí ẹjọ́ tó parí. Ó wá kọjú sí Thérèse tó ti wà lórí ìkúnlẹ̀.

"Thérèse, o gbọ́ ohun tó sọ. Kí lo rí sí i?"

"Bàbá, mi ò jẹ ẹsẹ̀ ẹnikẹ́ni. Tẹ́lẹ̀, ẹnu ife ni mo fi ń gé gàtóò mi, róbótó róbótó. Ọmọdé á mú un, òróró á mú kó yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, á bọ́ sínú iyanrìn. Ọmọ á ké. Ìyá ọmọ á bú mi, á ní kí n pààrọ̀ rẹ̀. Ojoojúmọ́ ni. Ìgbà tí mo fi irin yìí gé e, àtàǹpàkò yẹn di ibi tí ọmọ ń dì mú. Gàtóò kan kò bọ́ mọ́. Ẹ fetí sí Ifangni, Bàbá. Ẹkún ti dínkù nínú ìlú yìí. Ẹnìkan ì bá tilẹ̀ fún mi lẹ́bùn."

"O kò mọ̀ pé ẹsẹ̀ ìyàwó oníbàtà ni?"

"Mo mọ̀, Bàbá. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún mi. Mo bi í bóyá irin náà mọ́. Ó ní, 'Má fòyà, ẹsẹ̀ ìyàwó mi ni, obìnrin tó mọ́ tónítóní ni.'"

Ẹ̀yìn Àsíátù rọ̀ díẹ̀ lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Jẹ́láàní rí i, inú rẹ̀ dùn, ó sì rò pé ìgbà tó dára nìyẹn láti palẹ̀ mọ́.

"Bàbá, mi ò bá a jà," ló wí. "Mi ò béèrè owó ìtanràn. Ẹ kàn ní kó kó irin mi fún mi, kí n máa lọ. Mo dárí jì í."

Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ti bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìyálóde Ifádùnní, tó ti fọwọ́ lẹ́rán láti àárọ̀, gbé orí sókè. Kò tíì rí ọlọ́jà tó pe ènìyàn lẹ́jọ́ tí kò béèrè owó. Ó mọ̀ pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ní nǹkan kan lábẹ́ ẹní tí kò fẹ́ kí wọ́n gbá.

"Jẹ́láàní, ọmọ mi," ló wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, "kọ́ mi lọ́gbọ́n kan. Àwọn irin àlòkù tó o ń tẹ́ síta lọ́jọ́ ọjà yẹn, báwo lẹ ṣe ń dá iye lé wọn?"

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni. Kò sí ohun tó dùn mọ́ Jẹ́láàní lẹ́nu tó bẹ́ẹ̀. Ó gbàgbé ara rẹ̀.

"Ìyá, àwọn tí kò mọ iṣẹ́ á gbé e lé òṣùwọ̀n bí irin pàǹtí. Irọ́ ni. Ẹ óò kọ́kọ́ fi ìṣó kàn án, kẹ́ ẹ gbọ́ bó ṣe dún. Èyí tó bá ti sán níbì kan, ohùn rẹ̀ á há. Ẹ óò fi èékánná tọ́ etí rẹ̀ wò. Ṣùgbọ́n gbogbo ìyẹn kò ju kékeré lọ. Ohun tó ń dá iye lé irin ìgéwọ ni ẹni tó ni ẹsẹ̀. Ẹsẹ̀ tó bá jọ ti ọ̀pọ̀ ènìyàn, òun ló ń wọ́n, torí ẹni tó rà á yóò rí i tà fún gbogbo ayé. Mo ní irin kan tí mo tẹ̀ sí ẹsẹ̀ aṣọ́bodè kan. Ẹsẹ̀ náà tẹ́jú, ó gùn, kò sí ẹni tí kò lè wọ̀ ọ́. Àwọn oníbàtà méjì láti òkè bodè fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀yá ìjà lé e lórí. Mi ò gbọ́ ohunkóhun tó kéré sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá owó sẹ́fà."

"Ẹsẹ̀ aṣọ́bodè wọ́n o."

"Ó wọ́n gan-an ni, Ìyá."

"Ti Àsíátù ńkọ́?"

Jẹ́láàní wo òrùlé ààfin bíi pé ibẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí.

"Òun náà ní iye tirẹ̀, Ìyá."

"Èló ni?"

"Ọjọ́ ti pẹ́."

"Oṣù tó kọjá ni," ni Thérèse wí.

"Jẹ́láàní," ni Baálẹ̀ wí, "èló lo ta irin ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ?"

"Bàbá, owó gidi ni. Mo ní ẹlẹ́rìí."

Ẹlẹ́rìí náà ni Anicet, ọlọ́kadà tó máa ń dúró nídìí ọjà. Ó ti wọ ṣẹ́ẹ̀tì tó dára jù lọ nínú aṣọ rẹ̀ torí ọjọ́ náà.

"Anicet, ìwọ wà níbẹ̀?"

"Mo wà níbẹ̀, Bàbá. Ojú mi kòró báyìí ló ṣe. Thérèse san owó gidi."

"Èló?"

"Gidi, Bàbá."

"Owó bébà ni, àbí ti wẹ́wẹ́?"

"Bébà ni. Ó ká a. Ó ká a pẹ́."

"Ọjọ́ wo ni?"

"Ọjọ́ ọjà, Bàbá. Mo rántí dáadáa, torí lọ́jọ́ náà ni mo gbé aboyún kan lọ sí Tchaada, a kò sì tètè dé."

"Nígbà tí Thérèse ń ka owó, ibo lo wà?"

"Tchaada, Bàbá."

"Báwo lo ṣe rí i?"

"Mo bojú wẹ̀yìn."

"Láti Tchaada?"

Anicet ronú. "Ọ̀nà náà tẹ́jú, Bàbá."

"Ta ló ní kó o wá sọ èyí?"

"Kò sí ẹni tó ní kí n sọ nǹkan kan. Bàbá Ìbráhímù kàn bá mi rán bàtà mi ni lánàá, ó ní kí n má san owó, ó wá ní ẹ lè bi mí ní nǹkan."

Wọ́n ní kí Anicet lọ jókòó. Ó jókòó, ó wo bàtà rẹ̀. Wọ́n rán an dáadáa. Thérèse ní òun náà ní ẹlẹ́rìí, ó sì pe Ràhímátù tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí Jẹ́láàní ń tẹ́ ẹní sí lọ́jọ́ ọjà. Bí Jẹ́láàní ṣe rí Ràhímátù tó ń bọ̀, ó fa fìlà rẹ̀ bojú.

"Bàbá, Thérèse san owó, òótọ́ ni," ni Ràhímátù wí.

Jẹ́láàní mí kanlẹ̀.

"Ṣùgbọ́n kì í ṣe irin ẹsẹ̀ yẹn ló san owó lé. Irin róbótó kékeré kan ni, èyí tí wọ́n fi ń gé òdòdó orí bàtà obìnrin. Òun ni Thérèse rí tó fẹ́. Wọ́n ná an títí ẹnu fi bó wọn. Nígbà tí wọ́n gbà, tó sanwó, ó ní, 'Bàbá Ìbráhímù, ẹ fún mi léènì.'"

"Ràhímátù," ni Jẹ́láàní wí, "ata lò ń tà lọ́jọ́ náà. Ẹ̀yìn lo kọ sí wa."

"Ẹ̀yìn ni mo kọ. Mi ò fi òwú di etí."

"Máa bá ọ̀rọ̀ lọ," ni Baálẹ̀ wí.

"Ó wo orí ẹní, ó wo inú àpò. Ó kọ́kọ́ fọwọ́ kan irin aṣọ́bodè, ó yára gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀. Ó wá mú irin ẹsẹ̀ yìí, ó sọ ọ́ sínú igbá Thérèse. Ó ní, 'Gbà, mú eléyìí kún un.'"

Gbogbo wọn ló ń nájà, gbogbo wọn ló mọ ohun tí ènìyàn fi ń ṣe èènì: ata tó ti rọ̀ lápá kan, ẹ̀kúnwọ́ ẹ̀pà tó kù nísàlẹ̀ àpò, ọsàn wíńníwínní. Ohun tí kò ní dun ọlọ́jà bó bá lọ.

Àsíátù yí padà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn láti àárọ̀ tí Jẹ́láàní rí ojú rẹ̀, ó sì wù ú kí ó máa wo ẹ̀yìn rẹ̀ lọ.

"Bàbá Ìbráhímù," ló wí. "Èènì?"

"Ìyá Ìbráhímù, irin ọ̀tún ti ṣẹ́. Ìwọ náà mọ̀. Òsì nìkan ló kù. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo, tí kò sì jọ ti ẹnikẹ́ni, ta ni yóò rà á?"

"Ṣé ẹ dá iye lé e, wọ́n kọ̀?"

"Rárá."

"Ẹ ò tilẹ̀ pè é ní nǹkan kan, kí wọ́n tó kọ̀ ọ́."

"Wàláhì, òjò ló ń ṣú. Mo fẹ́ palẹ̀ mọ́. Ohun tọ́wọ́ mi bà ni mo mú."

"Òjò yẹn kan náà ló ṣú lé irin aṣọ́bodè lórí. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi gbé ọwọ́ kúrò lára rẹ̀?"

Jẹ́láàní ti ń sọ fún ara rẹ̀ láti oṣù tó kọjá pé irin lásán ni, irin tó ti dógùn-ún, pé obìnrin kan kò lè ka irin sí tó bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí tí wọ́n sọ ọ́ síta báyìí, lójú Baálẹ̀ àti ọlọ́kadà, ó rí i pé ohun tó burú ni òun ṣe. Ojú tì í gidigidi.

Àsíátù kọjú sí Baálẹ̀, ó kúnlẹ̀.

"Bàbá, jíjẹ tí wọ́n ń jẹ ẹ́ kò dùn mí. Èmi náà ti rà á jẹ. Ó dùn. Iyọ̀ ló kù díẹ̀."

"Mo ti gbọ́, Màmá," ni Thérèse wí.

"Ohun tó sọ fún mi ni pé oníṣòwò kan láti òkè bodè bẹ òun bẹ òun, lọ́jà dé ọjà, kí òun tó gbà láti tà á. Inú mi dùn. Mo lọ sí Daagbé, mo sọ fún àwọn ará ilé wa pé wọ́n ná ẹsẹ̀ mi, wọ́n ná an títí. Ẹ̀gbọ́n mi pa adìẹ. Nígbà tí mo padà dé, mo rí i pé Thérèse ló rà á. Mo ní kò burú, kó mú díẹ̀ wá nínú owó náà, kí n fi ra awọ. Ẹ wo ohun tí mo wọ̀ sẹ́sẹ̀, Bàbá, sílípáàsì rọ́bà. Ìyàwó oníbàtà ni mí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí kólòlò. Mo rò pé ó fún obìnrin kan lówó ni. Bó bá jẹ́ obìnrin ni, ì bá tún sàn ju èyí lọ. Ó dùn mí, Bàbá. Ẹsẹ̀ aṣọ́bodè tí wọn ò mọ orúkọ ìyá rẹ̀ ní iye. Tèmi, wọ́n fi kún ọjà ẹlòmíì."

Ìyálóde Ifádùnní na ọwọ́, ó gbé Àsíátù dìde. Ó wo Jẹ́láàní lẹ́ẹ̀kan, kò sì tún wò ó mọ́.

Baálẹ̀ bi àwọn ìgbìmọ̀ rẹ̀ léèrè ohun tí wọ́n rí sí i. Mẹ̀síẹ̀ Dieudonné ní ohun tí ènìyàn bá fi tọkàntọkàn fún ni, ó ti kúrò lọ́wọ́ ẹni tó fún ni. Thérèse ní ohun tí òun náà fẹ́ sọ nìyẹn. Ìyálóde Ifádùnní ní láti ọjọ́ tí òun ti ń tajà, òun kò tíì gbọ́ kí ẹnìkan padà wá gba èènì, pé bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ èyí ní Ifangni, gbogbo ọjà yóò dàrú kó tó di ọ̀la. Wọ́n wá ń wo Baálẹ̀. Baálẹ̀ mú gàtóò kan nínú ẹ̀rí, ó bẹ̀rẹ̀ láti gìgísẹ̀, ó jẹ ẹ́ tán, ó nu ọwọ́.

"Thérèse, o kò jalè," ló wí. "Wọ́n fún ọ, o gbà. Ṣùgbọ́n ohun tí ọlọ́jà bá fi ṣe èènì gbọ́dọ̀ jẹ́ tirẹ̀. Irin jẹ́ ti Jẹ́láàní. Ẹsẹ̀ jẹ́ ti Àsíátù. Bí a bá yọ ẹsẹ̀ kúrò lára irin yẹn, kí ló kù? Pálábà irin lásán. Nítorí náà Àsíátù ló ni ín. Àsíátù, dá iye lé e."

"Kí n tà á, Bàbá?"

"Bó bá wù ọ́, tà á, bó bá wù ọ́, gbé e lọ sílé. Ṣùgbọ́n dá iye lé e ná, kí gbogbo wa gbọ́."

Àsíátù ronú. Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó wo ojú Thérèse.

"Ẹgbẹ̀rún méjìlá."

"Háà, Màmá," ni Thérèse wí. "Irin tí wọ́n fi kún ọjà fún mi. Ẹ gba ẹgbẹ̀rún méjì."

"Ẹsẹ̀ gidi ni. Ẹkún ti dínkù nílùú nítorí rẹ̀. Ìwọ lo sọ ọ́."

"Mo sọ ọ́, Màmá. Ẹ gba mẹ́rin."

"Tẹ́ ẹ bá fi ìṣó kàn án—" ni Jẹ́láàní bẹ̀rẹ̀.

"Jẹ́láàní, dákẹ́," ni Baálẹ̀ wí. "Mi ò tíì dé ọ̀dọ̀ rẹ."

Wọ́n ná an lójú gbogbo ènìyàn, wọ́n ná an títí oòrùn fi kúrò lẹ́nu ìlẹ̀kùn. Thérèse dìde lẹ́ẹ̀mejì bí ẹni tó fẹ́ lọ, Àsíátù kò pè é, ó sì padà fúnra rẹ̀. Ìyálóde Ifádùnní bá Àsíátù dá sí i, Ràhímátù bá Thérèse dá sí i. Jẹ́láàní jókòó, ó ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń ná ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀, àti pé ẹsẹ̀ náà ń lọ sókè. Kò mọ̀ pé ó lè tó bẹ́ẹ̀. Níkẹyìn wọ́n gbà sí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lé ọgọ́rùn-ún sẹ́fà, kí Thérèse máa san án díẹ̀díẹ̀ lọ́jọ́ ọjà. Àsíátù kò kọ̀ láti dín in, ó kàn ní ó gbọ́dọ̀ ju ti aṣọ́bodè lọ.

"Ó ti parí," ni Thérèse wí. Ó fi ìdí aṣọ nu ojú, ó ṣe bí gbogbo ènìyàn ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ra ọjà tán. "Màmá, ẹ wá fún mi léènì."

Ṣé ẹ mọ̀ pé gbogbo ààfin ló yíjú padà lẹ́ẹ̀kan náà.

"Èènì wà," ni Baálẹ̀ wí, ó nawọ́ sí Jẹ́láàní. "Òun nìyẹn. Láti ọ̀la títí di Iléyá, gbogbo ọjọ́ ọjà, Jẹ́láàní yóò jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada Thérèse. Ẹnikẹ́ni tó bá ra gàtóò, tó bá béèrè èènì, Jẹ́láàní ni kí wọ́n fún un. Yóò bá a rán bàtà, yóò bá a lẹ̀ ẹ́, yóò bá a kan gìgísẹ̀ rẹ̀. Kò gbọdọ̀ gba owó."

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣàánú mi. Àwọn oníbàárà mi á—"

Baálẹ̀ kò wò ó. Ó yíjú sí olùkọ́.

"Mẹ̀síẹ̀ Dieudonné, ìwọ tó o ti kàwé, ṣé o ti rí ibi tí èènì ti ń sọ̀rọ̀ rí?"

"Rárá o, Bàbá. Mi ò rí i níbì kankan."

Jẹ́láàní pa ẹnu dé.

Òní ni ọjà. Nígbà tí àwọn ará Lagbé fi ń sọ ẹrù kalẹ̀, Jẹ́láàní ti wà lórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbada, ó kó abẹ́rẹ́, òwú àti gúlù síwájú, òróró sì ń ta sí i ní fìlà. Thérèse ń gé ìyẹ̀fun, ó ń fi iyọ̀ sí i bí wọ́n ṣe sọ fún un. Àsíátù wá gba owó àkọ́kọ́ nínú owó ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó gbà á, ó kà á, kò sì lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níwájú wọn, ó ń ra gàtóò kan jẹ. Jẹ́láàní fẹ́ kí i. Ó rántí ohun tí Baálẹ̀ wí, ó tẹrí ba fún un nìkan.

Obìnrin kan láti Lagbé ra gàtóò, ó rà púpọ̀, ó ní kí Thérèse fún òun léènì. Thérèse fi ṣíbí ìdíngàtóò tọ́ka sí Jẹ́láàní. Obìnrin náà wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ṣé kò sí òmíràn?"

"Òun ló wà."

"Ó ti gbó díẹ̀."

"Ó ṣì ń ṣiṣẹ́," ni Àsíátù wí láti orí bẹ́ǹṣì.

Obìnrin náà ní bàtà ọkọ òun pọ̀ nílé, gbogbo rẹ̀ ló ti lanu, òun kò lè rù wọ́n wá. Ó béèrè bóyá òun lè mú èènì yìí dání lọ sí Lagbé. Thérèse wo Àsíátù.

"Ẹ máa mú un lọ," ni Àsíátù wí. "Ṣùgbọ́n kílẹ̀ tó ṣú, kẹ́ ẹ dá a padà sílé fún mi. Mo ń lò ó."

Jẹ́láàní gbé orí sókè. Kò ṣeé ṣe fún un láti béèrè, ṣùgbọ́n obìnrin ará Lagbé bá a béèrè.

"Ilé wo, Màmá? Ẹnìkan sọ fún mi pé Daagbé lẹ wà báyìí."

"Ilé wa tibí ni," ni Àsíátù wí, ó sì ṣẹ́ àtàǹpàkò gàtóò rẹ̀ sẹ́nu.

Jẹ́láàní kó irinṣẹ́ rẹ̀ sínú àpótí, ó gbé e lérí, ó sì tẹ̀lé obìnrin náà lọ sí Lagbé láìsọ̀rọ̀.